Páàdì Tí Kò Ní Ahọ́n

Bí ẹ bá gbé ìlú Òkè-Ìlérí fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ ó gbọ́ òwe kan níbẹ̀. Ìyàwó á máa rojọ́ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ á ní kó pa ẹnu mọ́, àgbà kan tó jókòó jẹ́jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri á sì wí pé: "Rọra o. Ohun tó ń ké lábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀tá awakọ̀." Ọkùnrin náà á sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún lè má ní kẹ̀kẹ́ pàápàá, ká má tíì sọ ti mọ́tò. Kí ni mọ́tò wá ń wá nínú ọ̀rọ̀ tọkọtaya? Àwọn ọmọ ìwòyí ń sọ òwe yìí bí ẹni ń jẹ gúgúrú, wọn ò mọ̀ pé ẹ̀mí ló fẹ́ bá a lọ. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì máa sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ má baà lọ gba àbùlà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mẹkáníìkì ni Ọdẹ́níyì. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Fátúyì ló ti kọ́ṣẹ́, baba kan tó jẹ́ pé sikurudíráfà gígùn ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Á fi ẹnu irin náà ti gíábọ́ọ̀sì, á fi ìdí rẹ̀ ti etí ara rẹ̀, á di ojú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi sọ ibi tó ń dun ọkọ̀. "Ẹ jẹ́ kó rojọ́ tán ná," ló máa ń wí fún àwọn tó ń kánjú. Baba yìí ní ọkọ̀ eré kékeré kan, pupa fòò, ìjókòó méjì péré, ó rẹlẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ tó lúgọ. Nígbà tí àìsàn gbé e dálẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ dí, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ohùn tín-ín-rín kan ló kù tó fi ń pe ènìyàn láti inú yàrá: fíìn, fíìn. Ọdẹ́níyì ló ń tọ́jú rẹ̀. Oṣù kìíní, ó ń dáhùn. Oṣù kejì, ó ń dáhùn. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn kí etí rẹ̀ lè sinmi. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló tì í báyìí. Nígbà tí yóò fi ṣí i, baba ti lọ, ọwọ́ rẹ̀ kan sì nà sí ẹnu ọ̀nà.

Ọdẹ́níyì ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹbí olóògbé fún un ní ọkọ̀ pupa náà, wọ́n ní òun ló dúró ti baba dójú ikú. Ó dúpẹ́, ó gba kọ́kọ́rọ́.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí Ọdẹ́níyì bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Elékùrọ́, ọ̀nà tó ti orí òkè ìlú lọ sísàlẹ̀, tó tẹ bíréèkì, á gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: fíìn, fíìn. Gíábọ́ọ̀sì á sì máa kùn bí àgbàlagbà tí inú ń run. Ẹ̀yin tí ẹ mọ mọ́tò, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é: páàdì bíréèkì ti gbó, ọ́ìlì gíá sì ti bàjẹ́. Ọdẹ́níyì náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí orí mọ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí etí ń gbọ́. Òtútù á mú un láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, bó bá ṣèèṣì wo ìjókòó kejì, á rí i pé fóòmù rẹ̀ ti rì sísàlẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó sí i. Ẹ̀rù ń bà á, ìtìjú ò sì jẹ́ kó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ọláìtán lọ, opó kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfowópamọ́. Ìyá náà gbé ọ́ìlì gíá méjì kalẹ̀.

"Èyí tó ń ṣàn yìí ni ti ọkọ̀ rẹ," ló wí. "Gíá ọkọ̀ eré kì í fẹ́ ohun tó ki. Ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ni èkejì yìí. Á pa ariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí òtútù òwúrọ̀ bá ti mú un, gíá ò ní fẹ́ wọlé."

"Èyí tó ń pa ariwo ni kí ẹ fún mi, Màmá."

Ìyá Ọláìtán wò ó. Ó tún gbé páàdì bíréèkì oríṣi méjì jáde. Irin pẹlẹbẹ kan yọ lára èkínní bí ahọ́n.

"Bí èyí bá gbó tó kù díẹ̀, ahọ́n yìí ni yóò kan irin, tí á máa ké, kó o lè mọ̀ pé ó tó pààrọ̀. Èkejì ò ní ahọ́n. Ó rọ̀, kì í pariwo, ó sì máa ń tètè jẹ tán. Bó bá gbóná jù, kì í mú ọkọ̀ dúró. Èmi kì í tà á fún ẹni tó ń gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

"Màmá, nínú èmi àtẹ̀yin, ta ni mẹkáníìkì?"

"Ìwọ ni, ọmọ mi. Èmi, títà ni mò ń tà." Ó wé èyí tí kò ní ahọ́n sínú bébà, ó nà án sí i, kò sì wo ojú rẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti dákẹ́. Ó wá dákẹ́ débi tó ń ba ènìyàn lẹ́rù. Àwọn ewúrẹ́ tó sùn sójú ọ̀nà kì í gbọ́ ọ títí á fi dé ẹ̀yìn wọn. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ á kàn rí ohun pupa kan tó ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á sì fọwọ́ gbáyà. Ajá Ọdẹ́níyì, tó jẹ́ pé abẹ́ ọkọ̀ ni yàrá rẹ̀, kọ ilé sílẹ̀, ó di ajá aládùúgbò. Ọdẹ́níyì ní tirẹ̀ ń fọ́nnu kiri: "Kò sí ariwo tí èmi ò lè pa." Ṣùgbọ́n ìjókòó kejì ò yéé rì. Bí ohun kan bá tiẹ̀ ti ń dúró láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò rí ẹnu sọ ọ́ mọ́.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ìyàwó rẹ̀ pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Bàbá Àdùnọlá, nǹkan dúdú bí ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀ lára táyà iwájú yẹn. Mo gbá a láàárọ̀, ó tún ti wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ìwọ obìnrin yìí, ariwo rẹ ti pọ̀ jù. Ọkọ̀ dákẹ́, ìwọ ló kù tó ń ké."

Obìnrin náà gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó wọlé. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ọ̀kan lọ: ọkọ̀ yẹn ni yóò gbé Àdùnọlá lọ ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ òkè lọ́jọ́ kẹta. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó rí i.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà tutù, ìkùukùu bo gbogbo òkè. Àdùnọlá wọlé sínú ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó jókòó. Ọdẹ́níyì ń wò ó. Ìjókòó tó ń rì lásán láìsí ènìyàn, ọmọ jókòó sí i, kò rì. Àfi bíi pé ẹnìkan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó gbé ọmọ lé itan.  Ọdẹ́níyì fẹ́ ní kí ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ pé ó rí? Ó ṣíná sí ọkọ̀.

Wọ́n dé ìdajì Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Elékùrọ́ nígbà tí Àdùnọlá fa imú.

"Bàbá mi, nǹkan ń jóná."

"Dákẹ́, jẹ́ kí n ríran."

Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ò dín eré kù. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Páàdì tó ti jẹ kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti gbóná, ó ń jó, kò mú nǹkan kan mọ́, kò sì ké. Ọdẹ́níyì na ọwọ́ sí gíá pé kí òun fi gíá kejì mú un. Ọ́ìlì ti dì nínú òtútù. Ó tì í, ó tì í, gíá ò wọlé. Ọkọ̀ ń sá nínú ìkùukùu, kò sì sí ìró kankan nínú rẹ̀ ju mímí àwọn méjèèjì lọ. Ó ń ṣe Ọdẹ́níyì bíi pé mímí ẹni mẹ́ta lòun ń gbọ́. Àdùnọlá la ẹnu, ó tún pa á dé, nítorí bàbá rẹ̀ ti ní kó dákẹ́.

"Ọ̀gá," ni Ọdẹ́níyì wí, omi ń dà lójú rẹ̀, "ẹ pè mí. Màá dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí."

Kò sẹ́ni tó pè é. Ó rí ojú àfonífojì lápá ọ̀tún, ó yí ọkọ̀ sápá òsì, ó sì kọ lu àpáta.

Ẹsẹ̀ Ọdẹ́níyì kan ló ṣẹ́. Ti Àdùnọlá ló burú. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó ń mí, ṣùgbọ́n kò dá sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kò kígbe. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Dókítà ní bó bá lè ké pẹ́nrẹ́n, ìrètí wà. Ọdẹ́níyì jókòó tì í tọ̀sán-tòru, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó bú òun, kó bínú sí òun, kó ṣá sọ nǹkan kan. Àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Lọ́jọ́ karùn-ún, oòrùn ti fẹ́ kan àtàrí, Àdùnọlá la ojú, ó la ẹnu, ó sì fi igbe ta. Ìrora ni. Igbe náà gba gbogbo wọ́ọ̀dù kan. Ìyá rẹ̀ sáré dì mọ́ ọn, ó ń fọwọ́ nù ún lórí, ó ń ṣe bí gbogbo ìyá ti ń ṣe.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Dákẹ́. Dákẹ́, ó ti tó."

Ọdẹ́níyì fa ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ wá, ó sì di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Má sọ fún un kó dákẹ́. Mo bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kó ké, jẹ́ kó wí ibi tó ń dùn ún." Ó bú sẹ́kún níbẹ̀, níwájú aláìsàn àti olùtọ́jú, ó jẹ́wọ́ ilẹ̀kùn tó tì, ó jẹ́wọ́ páàdì àti ọ́ìlì tó rà, ó jẹ́wọ́ bó ṣe gé ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. "Ohun tó ń ké lábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀tá awakọ̀," ló wí. "Èmi ni mo sọ ọ́ di ọ̀tá."

Àwọn tó gbọ́ ọ ló gbé e dé ìlú, kò sì kúrò lẹ́nu àwọn ará Òkè-Ìlérí mọ́. Nítorí náà, bí ẹnìkan nílé rẹ bá ń sọ òótọ́ tó ń ta ọ́ létí, tó ń ṣe ọ́ bíi kó o pa á lẹ́nu mọ́, fara balẹ̀ ná, gbọ́ ibi tó ń dùn ún. Ohun tó ń ké lábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀tá awakọ̀.