Àrán tí wọ́n fi bo kọ̀ǹpútà

Wọ́n ní èmi ni mo ba kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́, wọ́n sì gba iṣẹ́ fídíò tí mò ń fi í ṣe lọ́wọ́ mi. Àkẹ́jù ní í ba ọmọ jẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà lágbára, nítorí náà inú rẹ̀ máa ń gbóná gan-an. Fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fẹ́ ooru jáde. Ni Ìyá Ìjọ wa, Màmá Ṣówándé, bá fi aṣọ àrán wé e pinpin bí ọmọ ìkókó lásìkò ọyẹ́.

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kó mí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìyá Gbọ́láhàn, ṣé ó nímú ni? Ohun ìní Olúwa kò gbọdọ̀ jẹ eruku.”

Mo ń tú u, wọ́n ń dì í. Lọ́jọ́ ìkórè, tí akọrin ń kọrin lọ́wọ́, ó kú pii. Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti jó. Màmá wá ní ọwọ́ mi ló le jù.

Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, níwájú ìjọ, ẹ dá mi lóhùn: ọwọ́ ta ló pa á?