Ẹ̀gún Tí Ìyá Láníhun Sáré Wọ̀

"Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e." Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ta ni àgbà náà? Kí ló gbé e dé inú ẹ̀gún? Àwọn kan á jókòó, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ ńláńlá túmọ̀ òwe náà títí ọbẹ̀ á fi tutù. Kò gba ìyẹn. Obìnrin kan ló sáré, ẹ̀gún gún un, àwọn ènìyàn sì rí i. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Àmọ̀, ilẹ̀ àkùrọ̀ etí odò ló dára jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo oko bá gbẹ, ilá àti ẹ̀fọ́ á ṣì máa hù níbẹ̀. Nítorí náà, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ níbẹ̀ á pé jọ sí ẹnubodè, kálukú pẹ̀lú ẹ̀ka pèrègún lọ́wọ́. Bí oníbodè bá ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á sáré lọ gbin pèrègún sí ààlà ilẹ̀ wọn. Onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbìn ín, tàbí ọmọ tó bí. Bí ẹlòmíràn bá ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀, tó sì gbin tirẹ̀, ilẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bìkítà nípa ọ̀nà tí o gbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló dé. Àwọn baba wọn ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá lè gbé e dé oko mọ́, kó fi oko sílẹ̀ fún ẹni tó lè ro ó. Ọ̀rọ̀ náà dára létí. Ará ìta kì í sábà fi gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, nítorí ìtìjú. Ẹbí ẹni ni kì í tijú.

Nítorí eré yìí, àwọn ọ̀dọ́ ìlú dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti ń mú, wọ́n á jí ní ìdájí, wọ́n á sáré láti ẹnubodè dé ìdí igi àràbà tó wà lójú ọ̀nà odò, wọ́n á sì padà. Àwẹ̀ró, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ni olórí wọn. Ọmọbìnrin náà ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, òun ló sì kọ́kọ́ dé etí odò lọ́dún tó kọjá. Òfin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní: wọn kì í fi ẹni ìkẹyìn sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí àràbà á yí padà lọ pàdé ẹni tó kẹ́yìn, wọ́n á sì jọ wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Láníhun jáde sí wọn ní ẹnubodè. Orí rẹ̀ ti funfun. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi ọ̀já gbà á mú ṣinṣin. Wọ́n rò pé odò ló ń lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá," Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Mo fẹ́ bá yín sáré ni."

Ẹ̀rín sọ. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Àlàó, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ń lé ejò ni, àbí ejò ló ń lé yín?"

"Àlàó, iwájú rẹ ni kí o máa wò," ni Ìyá Láníhun dá a lóhùn. "Bí o bá kọsẹ̀, mi ò ní gbé ọ."

Ohun tí kò sọ fún wọn nìyí. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Láníhun, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí ilẹ̀ Tápà, kò sì tíì padà. Nígbà tó ṣe opó tán, Fálọlá àbúrò ọkọ rẹ̀ wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó," ni Fálọlá wí, "o ti ṣe wàhálà tó. Àkùrọ̀ ẹ̀gbọ́n mi yẹn, jẹ́ kí n máa bá ọ bójú tó o. Ìsinmi ló kàn ọ́."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Mo ṣì lè ro ó."

"Á dáa." Ó rẹ́rìn-ín. "Òjò àkọ́rọ̀ á sọ fún wa."

Kò jágbe, kò lérí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn bí àádùn. Bí ẹnì kan bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ, fi ọwọ́ di àpò rẹ mú.

Àkùrọ̀ yẹn ni Ìyá Láníhun ń jẹ. Ìgbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tu gbòǹgbò inú rẹ̀. Bó bá bọ́, ọwọ́ Fálọlá ni yóò ti máa gba oúnjẹ títí ọmọ rẹ̀ á fi dé, bó bá máa dé. Kò sì lè sọ ọ́ síta. Obìnrin kì í kó ọ̀rọ̀ ilé ọkọ lọ sí ẹnubodè, pàápàá opó. Bó bá sọ ọ́, wọn á ní ó ń ba ẹbí ọkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù fún un.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ó ṣì ń rí ẹnubodè lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí èémí rẹ̀ tán. Ó di igi ọsàn kan mú, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti padà wá pàdé rẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ẹ rọra bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbóná ná, kí ẹ tó bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá Láníhun gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, á fi òrí ra orúnkún rẹ̀. Ní ìdájí, á ti dúró sí ẹnubodè kí àwọn ọmọ tó dé. Díẹ̀díẹ̀, ó kọjá igi ọsàn. Nígbà tí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti ń dé ìdí àràbà láìdúró. Òun náà ló ṣì ń kẹ́yìn, àwọn ọmọ náà sì ń padà wá mú un. Láràárọ̀ ni Àlàó ń bi í, "Ìyá, ejò ńkọ́?" Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í kọjá eyín rẹ̀.

Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá, kí lẹ ń wá gan-an? Àwọn ẹgbẹ́ yín ṣì wà lórí ẹní."

"Ọmọ mi, mo fẹ́ dé ibi tí mò ń lọ ni."

Àwẹ̀ró mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe èsì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Kò tún bi í mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnubodè kún. Fálọlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú pèrègún lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti mú pèrègún ti ilẹ̀ Fálọlá fúnra rẹ̀ dání.

"Ìyàwó, o wá wòran ni?"

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Mo wá."

Ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọ̀dọ́ ta sọ́nà bí ẹtù. Fálọlá náà ta, ó ń gbẹ́sẹ̀ ńláńlá. Ìyá Láníhun kò bá a gbé e. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó kọjá igi ọsàn, ó ti ń kọjá àwọn tó yá ju òun lọ. Nígbà tó dé ìdí àràbà, ó rí ẹ̀yìn Fálọlá níwájú, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Láti ìgbà tí Fálọlá ti gbéyàwó ni kò ti sáré mọ́. Ó ń mí bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn, ó rí obìnrin náà, ó sì tún ki eré mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gùn ju ti opó lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Igbó ẹlẹ́gùn-ún kan wà láàárín ibẹ̀ àti odò, tí ewúrẹ́ pàápàá kì í wọ̀, ọ̀nà sì yí i ká, ó jìnnà. Ìyá Láníhun wo ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìn Fálọlá, ó sì mọ̀ pé òun kò lè bá a mọ́. Ó na pèrègún rẹ̀ sókè lórí, bí ìyá tó ń gbé ọmọ la odò kọjá. Ó sáré wọ inú ẹ̀gún.

Àlàó ló rí i. Bàtà rẹ̀ ló já, ìdí nìyẹn tó fi wà lẹ́yìn. Ó figbe ta: "Ẹ gbà wá o! Ìyá Láníhun ti wọ inú ẹ̀gún! Ejò ń lé e o!"

Àwẹ̀ró ti wà níwájú gbogbo wọn. Bó bá tún sáré díẹ̀ sí i, òun náà ni yóò kọ́kọ́ dé lọ́dún yìí. Ó gbọ́ igbe, ó yí padà. Wọn kì í fi ẹni ìkẹyìn sílẹ̀. Ó ṣẹ́ igi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù náà ṣẹ́ igi, wọ́n sì ya wọ inú igbó náà. Wọ́n ń na igbó, wọ́n ń pariwo, "Ejò dà? Ejò dà?"

Gèlè Ìyá Láníhun há sí ẹ̀gún. Ó fi í sílẹ̀. Ìró rẹ̀ ya. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó jáde sí etí odò. Ó wólẹ̀ sí ààlà ilẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀, ó gbin pèrègún náà, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ náà já jáde, ara wọn họ yánnayànna, igi lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá! Ejò náà dà?"

Kò lè sọ̀rọ̀. Èémí kò jẹ́. Ó kàn fi ẹnu júwe ibi tí ọ̀nà gbà yọ.

Fálọlá ló yọ níbẹ̀. Kò kọjú sí ilẹ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀ opó ló ń bọ̀ wá bá tààrà, pèrègún lọ́wọ́. Nígbà tó rí wọn, ó dúró, ó wo pèrègún ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi í sí i lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé Ìyá Láníhun nìkan ló bá níbẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá ì bá fa pèrègún obìnrin náà tu?

"Mo ní kí n wá bá a gbìn ín ni," ni ó wí.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," Àwẹ̀ró dáhùn, kò sì ju igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ti gbìn ín."

Fálọlá yí padà, ó lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ Ìyá Láníhun, Àlàó sì bá a di ẹsẹ̀ náà mú. Ọmọkùnrin kan láti òdìkejì ìlú ti gba ipò kìíní lọ.

"Ìyá, ẹ ò sọ fún wa," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ẹ̀yin náà lẹ ń sọ ọ́ láràárọ̀," ni Ìyá Láníhun fèsì. "Ẹ ní ṣé ejò ló ń lé mi. Ṣé mo sọ pé rárá?"

Àlàó tẹ orí mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi àgbà tó ń sáré ṣe yẹ̀yẹ́ ní Òkè-Àmọ̀, òun ló máa ń dá a lẹ́kun: "Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e." Ó tàn kálẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà tí àwọn àgbà ń lò ó ni ìgbà tí ẹni tó tó ẹni bá ń ṣe ohun tí kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí ipò rẹ̀ mu, tí ẹ̀rín sì ti ń pa àwọn tó ń wò ó. Kí o tó rẹ́rìn-ín, wo iwájú rẹ̀, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá sì rí ejò, wá igi.