Àwọn Kóró Irú Tí Wọn Kò Fẹ́ Jí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kí ẹni tó fi ọwọ́ di imú sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí mo ti wẹ̀.

Ìjì ló wó igi irú kan ṣoṣo tó kù ní abúlé wa. Àrínpé ìyàwó mi, tó jẹ́ pé irú ló ń ṣe jẹun, gbin kóró rẹ̀ sẹ́yìn ilé, kò hù. Ó tún gbìn ín, kò hù. Ó wá wí fún mi pé, "Bàbá Ọdẹ́lànà, bí ẹ̀kúnwọ́ tó kù yìí kò bá hù, ilé bàbá mi ni mò ń lọ. Kí ẹ̀yin àti ìbọn yín jọ máa sùn."

Mo kọrí sí Igbó Oorun, níbi tí àwọn àgbà ọdẹ sọ pé gbogbo kóró ti ń sùn kí wọ́n tó hù. Mo bá wọn nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, iwin kéékèèké tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ, olúkúlùkù wọ awọ dúdú tó le bí òkúta, wọ́n ń hanrun. Mo ní kí wọ́n dìde, ilẹ̀ ti mọ́. Ọ̀kan yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa ilẹ̀kùn dé." Ilẹ̀kùn wo nínú igbó? Mo yìnbọn sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ lójú oorun, wọ́n sì tún sùn lọ.

Ìgbà náà ni iwin kan tó ní orí erin, tó sì ró ìró bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, yọ sí mi.

"Ta ló ń yọ àwọn ọmọ mi lẹ́nu?"

"Èmi ni, ìyá. Bí wọn kò bá jí, ìyàwó mi yóò kọ̀ mí."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí etí rẹ̀ fi ń fẹ́ mi bí abẹ̀bẹ̀. "Ariwo kì í jí wọn. Awọ wọn ló le, omi kò rí ọ̀nà wọlé. Wá wo bí a ti ń ṣe é."

Ó kó wọn mì, ó sì gbé èmi náà mì tìbọn-tìbọn.

Inú erin gbóná, omi kíkan ń ṣàn níbẹ̀, a ń yí gbirigbiri, a ń forí gbá ara wa. Awọ àwọn kóró bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, wọ́n ń lajú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gun èjìká mi, wọ́n ń jó. Èmi náà jó, nítorí kò sí àyè láti jókòó. Ẹ má bi mí ní ọ̀nà tí a gbà jáde. Orí ìgbẹ́ la balẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ta gbòǹgbò lójú mi.

Mo ní, "Ìyá, n kò ní erin nílé."

"Ṣé o kò ní omi gbígbóná ni? Báwo ni ìyàwó rẹ ti ń gbìn ín?"

"Ó máa ń sè é mọ́jú kí awọ rẹ̀ lè rọ̀, bí ìgbà tó fẹ́ ṣe irú."

Iwin náà fi ẹ̀rín jókòó sílẹ̀. "Òkú ló ń gbìn. Bí omi bá ti hó, kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná, kí ó dà á lé kóró tí kò tíì sè, kí wọ́n sùn sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì."

Nígbà tí mo délé, mo bá Àrínpé nídìí ẹrù tó ń dì. Mo ròyìn fún un.

"Ẹ ń wí pé èmi ni mò ń pa wọ́n?"

"Èmi kọ́. Erin ló wí bẹ́ẹ̀."

Ó fi ẹ̀kúnwọ́ tó kù dán an wò, ó rọra fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò wọ́n. Nígbà tó yá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó pè mí lẹ́yìn ilé: "Bàbá Ọdẹ́lànà, ẹ rọra tẹlẹ̀ o, ẹ má tẹ̀ wọ́n."

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí kóró yín bá kọ̀ tí kò hù, ẹ má bú ilẹ̀, ẹ yẹ awọ rẹ̀ wò. Ẹ fún un ní ooru, ṣùgbọ́n ẹ má sè é jinná. Ní ti Àrínpé, ó ti tú ẹrù rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tó kó o sí ló dojú rẹ̀ dé àwọn èèhù náà, kí ewúrẹ́ má baà jẹ wọ́n.