Ohùn Tó Kù Lọ́fun Ọ̀jẹ́wùmí

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì ń fi í bá ara wa wí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀, àti ẹni tó kọ́kọ́ gé ọ̀rọ̀ sí méjì?

Ìlú kan wà létí odò, Ìlódò lorúkọ rẹ̀. Odò náà kò ṣeé fọkàn tán: òjò lè rọ̀ lókè réré, kí oòrùn máa ràn nílùú, kí omi sì ya wọ oko àkùrọ̀ lójijì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan olùṣọ́ mẹ́ta sórí òkìtì mẹ́ta. Bámgbàlà, àgbà wọn, wà lókè odò. Ọ̀jẹ́wùmí wà láàárín. Láníyọnu wà létí oko. Ohun tí Bámgbàlà bá ké, Ọ̀jẹ́wùmí á gbà á, á sì ké e sí Láníyọnu.

Ètò náà dára, àfi pé Yorùbá ni wọ́n. Bámgbàlà kì í sọ̀rọ̀ láìkí ènìyàn. Bí omi kò tilẹ̀ kún, á ké e pé kò kún. Á kí Ọ̀jẹ́wùmí kú ìjókòó, á kí i kú oòrùn, á béèrè ìyàwó, á béèrè ọmọ, á wá kì í dé orí baba ńlá rẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí gbọ́dọ̀ dáhùn, kó tún yíjú kí Láníyọnu bákan náà. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ha. Ó lá oyin títí, oyin kò ràn án. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àgbà pé kó dín ìkíni kù?

Lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú ń kórè ata lákùrọ̀, Àbẹ̀jẹ́, ìyàwó Ọ̀jẹ́wùmí, wà láàárín wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bámgbàlà tún bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ó ti ń kí i lọ rẹrẹ kó tó bojú wẹ̀yìn, kó sì rí i pé omi ti ń ya bọ̀. Ló bá figbe ta.

Ọ̀jẹ́wùmí yíjú sí Láníyọnu. Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó mọ̀ pé ohùn tó kù lọ́fun òun kò tó ìkíni, áńbọ̀sì àlàyé. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ké ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

“Omi!”

Ẹlòmíràn ì bá rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Láníyọnu kò béèrè omi wo. Ó rò ó pé ẹni tí kì í gbàgbé ìkíni kò lè ṣàdédé sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sáré wọ àárín oko, ó ń lé tọmọdé tàgbà gun òkè. Nígbà tí omi dé, ó gbé ata, ó gbé agbọ̀n, kò gbé ènìyàn kankan.

Ọ̀jẹ́wùmí bá Àbẹ̀jẹ́ lórí òkè, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ìgbà tó ṣe, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bámgbàlà, ó rọra ń bẹ̀bẹ̀ pé òun jẹ́ iṣẹ́ àgbà láìkí ènìyàn.

Bámgbàlà fà á dìde. “Ìkíni tèmi ló fẹ́ pa wá, ọmọ mi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ lo sọ fún Láníyọnu. Inú rẹ̀ ló ti di odindi.”

Láti ọjọ́ náà, bí omi kò bá kún, olùṣọ́ kì í ké. Bó bá kún, ọ̀rọ̀ kan ti tó. Ìkíni di ti ìrọ̀lẹ́, nílé.

Nítorí náà, bí àgbà bá fẹ́ kìlọ̀ fún ẹni tó gbọ́n, tí kò sì fẹ́ tú gbogbo ọ̀rọ̀ palẹ̀, òwe yìí ló máa ń pa. Ẹni tó bá ṣì ní kí wọ́n ṣàlàyé, kó má bínú bí wọ́n bá béèrè ilé tó ti jáde wá.