Bàbá Tó Ń Rẹ́rìn-ín Ṣáájú Ìtàn

Ọkùnrin kan wà, télọ̀ ni, ó sì fẹ́ràn ìwé kan ju gbogbo ohun tó wà nínú ilé rẹ̀ lọ, bí a bá yọ ìyàwó àti ọmọ kúrò. Ìwé ìtàn ọmọdé ni. Ó sọ nípa ọmọdébìnrin kan tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sọnù, tòun ti odídẹrẹ́ kan tí kì í panu mọ́. Láti kékeré ni ìwé náà ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Àjákù àǹkárá ló fi rán ẹ̀wù fún un, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà ya.

Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ọmọbìnrin kan àti àbúrò ọmọ náà ọkùnrin, dàgbà tó, ó pè wọ́n jókòó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó ní òun fẹ́ fún wọn ní ogún. Inú àwọn ọmọ dùn, wọ́n rò pé kẹ̀kẹ́ ni. Ìwé ló gbé jáde.

Wá wo bí ó ṣe ń kà á. Kò tíì dé ibi ẹ̀rín tí yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Kò tíì dé ibi ẹkún tí yóò ti máa nu ojú. Bí odídẹrẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fò wọlé, a gbé ìwé sílẹ̀, a ní, “Ẹ fojú sí ẹyẹ yìí o! Òun ni yóò tú àṣírí olè níkẹyìn.” Bí ọmọbìnrin bá yán, a ní, “Ṣé o gbọ́ ibẹ̀ yẹn? Àbí kò dùn ni?” Ọmọ a ní, “Ó dùn, Dádì,” ojú rẹ̀ a sì wà lára aago. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ ilé-ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójijì ní gbogbo alẹ́. Àbúrò tilẹ̀ ń sọ pé inú ń run òun.

Ó dun ọkùnrin náà wọra. Ẹ̀rù ń bà á pé ayọ̀ tó dùn jù tí òun ní ní kékeré yóò bá òun lọ, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé òun kò ní tọ́ ọ wò.

Ìyá rẹ̀ wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà sì fẹjọ́ àwọn ọmọ sùn ún. Ẹ̀rín ni ìyá fi í rín.

“Àkànjí, ṣé o rántí ẹ̀wà tí mo ní kí o máa ṣọ́ lórí iná?”

Báwo ni yóò ṣe gbàgbé? Ẹ̀wà di èédú, ìkòkò bàjẹ́, ó sì jẹ pàṣán. Ìwé yìí gan-an ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá ní, “Ta ló ń sọ fún ọ nígbà yẹn pé ibẹ̀ dùn? O ti ṣa ẹran jẹ tán kí o tó bu ọbẹ̀ fún wọn, o wá ń bi wọ́n bóyá ó dùn.”

Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin náà gbé ìwé sílẹ̀ lórí àga ní pálọ̀, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́. Má rò pé ó rọrùn. Bí ó bá rí i tí ọmọbìnrin ṣí i wò, ètè a máa yún un, a sáré lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, a máa wa ẹ̀rọ tí kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, èéfín gba ilé. Ìyàwó sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń pariwo. Dòdò tó ní kí ọmọbìnrin máa yí ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ náà wà lórí àpótí pẹ̀lú ìwé lórí itan, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìyá òun dé. Àbúrò rọ̀ mọ́ ọn léjìká, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, “Àǹtí, ẹ ṣí ojú ìwé tó kàn, ẹ ṣí i!”

Bàbá yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rò pé yóò bínú, àfi bí ó ṣe bẹ́ sí ijó. Ọmọbìnrin gbójú sókè, omijé ti kún ojú rẹ̀.

“Dádì, ṣé ọkọ̀ yẹn máa rì ni?”

Bàbá mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ó gé ètè rẹ̀ jẹ, ó ní, “Kà á, kí o wá sọ fún mi.”

Nítorí náà, ìwọ tó jókòó tì mí yìí, tí o ń ráhùn pé ọmọ rẹ kò fẹ́ràn ohun rere tí ìwọ fẹ́ràn, ìbáà ṣe ìwé, ìbáà ṣe orin, ìbáà ṣe àdúrà pàápàá, gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò tó, kí o sì kó ẹnu rẹ níjàánu. Bí dòdò bá jóná, jẹ èyí tó kù, kí o sì dúpẹ́.