Àṣẹ Àwọn Àgbà Lórí Áàpù Òwe

Ọmọbìnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn tí ń jẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́, òun nìkan ló jókòó ṣe áàpù tí ń kọ́ ọmọdé lówe lórí fóònù. Nígbà tó gbé e lọ sí ọjà áàpù ńlá kan, Ọ̀gbẹ́ni Adégẹ̀ṣin tí ń yẹ áàpù wò níbẹ̀ dá a padà, ó ní àwọn àgbà ló ni òwe, kí ó lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo àgbà ilẹ̀ Yorùbá, láìku ẹnì kan. Mọ́rẹ́nikẹ́ pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ṣé a lè ka ẹ̀yin náà mọ́ àwọn àgbà?" Ọkùnrin náà wúkọ́, ó ní, "Mo ti ní ọmọ-ọmọ. Bí wọn kò bá ka èmi mọ́ àgbà, ta ni wọ́n fẹ́ kà?" "Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà, ọ̀dọ̀ yín ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà yín rèé, áàpù mi lọmọ tuntun, orí rẹ̀ sì ti ń wọ́." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọ̀gbẹ́ni Adégẹ̀ṣin, ló bá fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá rẹ̀ bi í pé àṣẹ àwọn àgbà yòókù dà. Ó ní, "Èmi ni wọ́n rán."