Òkúta Ìfọṣọ Lékeléke àti Ọṣẹ Ẹtà

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀ fẹ̀rẹ̀, ó fò lọ sí etí odò, ó bà lé Lékeléke alágbàfọ̀ àti Ẹtà olóòórùn dídùn lórí. Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, orin kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ máa bá mi gbè. Ègbè yín kò le: "Kó bómi lọ." Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Kó bómi lọ.

Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn ẹranko ń wọṣọ bí ènìyàn, Lékeléke ló ń fọ aṣọ fún ààfin Erin ọba. Nígbà náà kò tíì funfun o. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí eruku ojú ọ̀nà. Ogún kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni òkúta ìfọṣọ kan létí odò, òkúta pẹrẹsẹ tí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ti fọṣọ lé lórí títí ó fi ń dán gbinrin. Ẹni tó bá ni òkúta yẹn ló ni iṣẹ́ ààfin.

Ní ọjọ́ kan, Erin ọba gbé àlà tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ọdún bora, ó ní òun fẹ́ wo bó ṣe rí lára òun. Ibi tó ti ń wò ó ni ebi ti pa á. Wọ́n gbé iṣu àti epo wá. Kó tó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, epo ti ta jàà sí àyà aṣọ, àbàwọ́n rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò.

Ọba ránṣẹ́ pe Lékeléke. Ó ní, "Ọmọ mi, ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò lè gbé epo láyà jókòó níwájú ìlú. Bí epo yìí bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ni màá gbé òkúta ìyá rẹ fún."

Lékeléke ní, "Kábíyèsí, yóò mọ́." Ó ká aṣọ náà, ó gbé e jáde.

Kò fẹ́ gbé aṣọ náà la àárín ọjà kọjá lọ sí odò, kí ará ìlú má baà rí epo láyà aṣọ ọba. Ló bá fa omi nínú kànga ẹ̀yìn ààfin, ó sì fi ọṣẹ dúdú Ìyá Awó fọ̀ ọ́. Ìyá Awó ló ń se ọṣẹ ní ìlú náà. Eérú tó ń rò mọ́ àdín lójoojúmọ́ ló ta sí i lára, tí ara rẹ̀ fi rí kínníkínní títí dòní. Ẹyọ owó mẹ́wàá péré ló ń ta ìṣù ọṣẹ kan.

Lékeléke fọ̀, fọ̀, fọ̀. Ọṣẹ kò hó. Epo kò kúrò. Ọṣẹ náà kàn ń dì bíi wàrà lójú omi.

Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ọṣẹ olówó pọ́ọ́kú, iṣẹ́ pọ́ọ́kú."

Ó forí lé ọ̀dọ̀ Ẹtà. Ẹ mọ Ẹtà, àbí? Bí Ẹtà bá ń bọ̀, imú yín á ti mọ̀ kí ojú yín tó rí i. Ó tẹ́ ọṣẹ tirẹ̀ sórí ẹní, ó fi sányán wé ìṣù kọ̀ọ̀kan, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán dé òpin ọjà.

"Ẹ̀gbọ́n Ẹtà, ẹ kú ọjà o. Ṣé ọṣẹ yín lè mú epo kúrò lára àlà?"

"Àbúrò mi, epo lásán? Bí epo bá rí ọṣẹ mi lókèèrè, fúnra rẹ̀ ni yóò dìde tí yóò tọrọ ọ̀nà. Ẹ̀yìn odò méje ni wọ́n ti sè é. Àpò owó mẹ́wàá ni ìṣù kan."

"Mi ò ní àpò kan, ká má tíì sọ mẹ́wàá."

"O ní òkúta," ni Ẹtà wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbé òkúta wá, kí o gba ìṣù kan."

Lékeléke rò ó wò. Bí ó bá gbé òkúta sílẹ̀, iṣẹ́ lọ. Bí epo kò bá sì kúrò, iṣẹ́ lọ náà. Ẹ̀yin ọmọ, kí ni ẹ̀ bá ṣe?

Ẹ fetí sílẹ̀. Àṣà kan wà lọ́jà náà: ọlọ́ṣẹ kò gbọdọ̀ gba owó ẹnikẹ́ni láìjẹ́ kó kọ́kọ́ fi ọṣẹ náà fọwọ́. Ẹtà já díẹ̀ fún un. "Fọwọ́ ẹ, kí o gbóòórùn ohun tí àwọn ọlọ́lá ń lò."

Lékeléke fi ewé pọ́n ọn. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi kọ́ ló dọ̀tí, aṣọ ni."

"Ẹ wá wo tálákà tó fẹ́ dán ọṣẹ olówó wò," ni Ẹtà wí. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Lékeléke gba ọ̀nà odò lọ.

Ó dé odò, ó fa ìborùn funfun rẹ̀ ya sí méjì, fàà. Ó ta epo ṣíbí kan sí èyí, ó ta ṣíbí kan sí ìyẹn. Ó ta kókó kékeré sí etí èyí tó fẹ́ fi ọṣẹ Ìyá Awó fọ̀, kó má baà ṣì wọ́n mú. Omi kan náà ló lò, òkúta kan náà, bó sì ṣe pẹ́ tó lórí ọ̀kan náà ló pẹ́ lórí èkejì. Ẹ rántí èyí, ẹ̀yin ọmọ: bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó dára jù nínú nǹkan méjì, ẹ jẹ́ kí gbogbo ohun yòókù dọ́gba. Ó wá ń kọrin:

Epo tó wà láṣọ ọba,
*Kó bómi lọ.*
Eérú, wá di epo mú,
*Kó bómi lọ.*
Omi, wá gbé e rodò,
*Kó bómi lọ.*
Òkúta ìyá mi, má bá a lọ,
*Epo ni kó bómi lọ.*

Ọṣẹ méjèèjì hó. Ìfófó dìde gbùú, ó bo òkúta, ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lékeléke la ẹnu, kò lè pa á dé. Ṣé ọṣẹ Ìyá Awó tó kọ̀ tí kò hó láàárọ̀ nìyí? Ìgbà náà ló yé e. Inú àpáta ni omi kànga ààfin ti ń sun. Omi náà le, omi tó le kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó. Omi ló ṣẹ̀, ó fi ẹ̀bi fún ọṣẹ.

Ó sá aṣọ méjèèjì títí afẹ́fẹ́ fi gbé òórùn Ẹtà lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ ọba kó wá sétí odò, ó pe Ìyá Awó, ó pe Ẹtà. Ìlú tú jáde tẹ̀lé wọn. Lékeléke ròyìn bó ṣe ta epo sí aṣọ méjèèjì, ó gbé wọn síwájú Ẹtà.

"Ẹ̀gbọ́n Ẹtà, èwo ni ọṣẹ yín fọ̀?"

Ẹtà gbóòórùn èyí, ó gbóòórùn ìyẹn. Méjèèjì funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Erin ọba fi ọwọ́jà gbé wọn sókè síwájú oòrùn, ó wá epo títí, kò rí. Ó ní, "Mo ti dàgbà, ojú mi ò rí irú èyí rí."

Ẹtà rí kókó létí ọ̀kan, ó rò pé àmì iyì ni. Ó nawọ́ sí i. "Èyí ni tèmi. Ẹ ò rí i pé ó yàtọ̀?"

Lékeléke ní, "Ti Ìyá Awó nìyẹn."

Ìyá Awó rẹ́rìn-ín kẹ̀ẹ̀kẹ̀. "Kò yà mí lẹ́nu. Ogójì ìṣù ni Ẹtà ń rà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Mo ti ń rò ó pé irú aṣọ wo ni ọkùnrin yìí ń fọ̀. Àṣé òórùn ara ẹ̀ ló ń fi pa á, tó ń wé e ní sányán."

Kí ìlú tó yíjú sí i, Ẹtà ti wọgbó.

Ọba ní kó má wulẹ̀ fi epo pamọ́ fún ìlú mọ́, Lékeléke wá gbé àlà ọba sórí òkúta ìyá rẹ̀. Ó rẹ ẹ́, ó fọ̀ ọ́, gbogbo ìlú ń gbè é: kó bómi lọ. Epo náà tú kúrò láyà aṣọ, ó ń ṣàn lọ lójú odò bí okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́, títí ó fi kọrí sábẹ́ igbó. Ìfófó bo Lékeléke láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tó jáde nínú rẹ̀, eruku ara rẹ̀ ti bá epo lọ. Ó funfun báláú, bí ẹ ṣe ń rí i lónìí. Erin ọba ṣí fìlà.

Ó ní, "Òkúta yìí kò ní kúrò ní ilé yín."

Ibi tí àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí ọṣẹ má hó lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé owó gọbọi àti òórùn dídùn kọ́ la fi ń mọ ohun tó dára. Dídán an wò la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì tètè dẹ́bi fún ohun tí kò wọ́n, nítorí ó lè jẹ́ omi tí ẹ fà ni kò dára.